Àwọn áàpù tó ń ka wákàtí oúnjẹ: aago ara ògiri ni wọ́n mọ̀, aago inú ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Ẹ ṣí èyíkéyìí nínú àwọn áàpù tó ń ka wákàtí àwẹ̀, ohun kan náà lẹ máa kọ́kọ́ rí: òrùka ńlá kan láàárín ojú fóònù, nọ́ńbà tó ń sáré nínú rẹ̀, àti bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán. Bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí, òrùka náà á máa pàwọ̀ dà. Tó bá di wákàtí kejìlá, ọ̀pọ̀ wọn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara ti ń yọ́ ọ̀rá. Tó bá di ìkẹrìndínlógún, òrùka á kún, wọ́n á kí yín kú oríire.

Ẹ̀dọ̀ ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbé irú áàpù yìí sórí fóònù. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ọ̀rá ti kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì ti gbọ́ pé kéèyàn má jẹun lóru máa ń dín in kù. Torí náà, ìbéèrè tá a gbé ka iwájú kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ohun tí òrùka yẹn ń kà bá ohun tó ń lọ nínú ẹ̀dọ̀ mu? A ò wo èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára jù tàbí èyí tó yára ṣí. Ohun tá a rí ni pé àwọn áàpù wọ̀nyí ń ka bí wákàtí ṣe gùn tó, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tí wákàtí yẹn bọ́ sí ni ẹ̀dọ̀ ń béèrè. Wọ́n wúlò, àmọ́ ẹni tó bá lò wọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n wá máa pàdánù ohun tó dára jù nínú wọn.

Aago tó wà nínú ẹ̀dọ̀

Olórí aago ara wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti kọjá ara wọn. Kò ju nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì lọ, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú wọlé ló sì ń tún un tò lójoojúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan, purotéènì méjì tó ń jẹ́ CLOCK àti BMAL1 ló ń jí jíìnì PER àti CRY dìde. Purotéènì tí PER àti CRY bá ṣe á máa pọ̀ sí i, á padà wá pa àwọn tó jí i dìde lẹ́nu mọ́, lẹ́yìn náà á jẹrà tán, ìyípo á tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 24 ni ìyípo kan. Lọ́dún 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel lórí bí irú aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú eṣinṣin èso ni wọ́n ti tú u palẹ̀.

Oúnjẹ ló ń tún aago ẹ̀dọ̀ tò ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún 2000, ilé ìwádìí Ueli Schibler ní Geneva mú eku, tó jẹ́ pé òru ló máa ń jẹun, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ lọ́sàn-án nìkan. Kò pẹ́ tí aago ẹ̀dọ̀ wọn fi yí sí òdìkejì, aago ọpọlọ wọn ò sì mira. Ìyẹn ni pé aago méjì lè wà lára ẹnì kan, kí ọ̀kan máa sọ pé òru ti jìn, kí èkejì máa sọ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Kí wá ni aago yìí ń ṣe sí ọ̀rá? Tá a bá jẹun, insulin, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè, á jí purotéènì kan tó ń jẹ́ SREBP-1c, ìyẹn á sì pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó máa fi ṣúgà tó ṣẹ́ kù ṣe ọ̀rá. Lákòókò kan náà, malonyl-CoA, èròjà kan tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀rá ṣíṣe yẹn, á ti ilẹ̀kùn tí ọ̀rá máa ń gbà wọ mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ ọ̀rá di agbára. CPT1 lorúkọ ilẹ̀kùn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ kì í fi í máa ṣe ọ̀rá púpọ̀ kó sì tún máa lò ó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí oúnjẹ bá ti dẹwọ́, insulin á wálẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, ọ̀rá tí ara kó pa mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì máa lò ó. Aago ló ń palẹ̀ mọ́ de ìyípadà yìí kó tó dé. REV-ERBα, ọ̀kan lára àwọn purotéènì aago, máa ń fa HDAC3, purotéènì kan tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, lọ́wọ́ lọ jókòó sórí àwọn jíìnì tó ń ṣe ọ̀rá, kí wọ́n lè sinmi nígbà tí ara ń sinmi. Lọ́dún 2011, ilé ìwádìí Mitchell Lazar ní Yunifásítì Pennsylvania yọ HDAC3 kúrò nínú ẹ̀dọ̀ eku, ọ̀rá sì kún ẹ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwo oúnjẹ kan tó wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́, fún ẹni tó ti jẹun alẹ́ ní aago mẹ́jọ, tó sì fẹ́ sùn ní aago méjìlá. Melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, ti gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì máa ń dẹ ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú insulin jáde, torí náà ṣúgà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe máa pẹ́ lọ́sàn-án. Ibi tí ẹ̀dọ̀ ń kó ṣúgà pa mọ́ sí kì í sábà gbà ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, oúnjẹ aago mẹ́jọ sì ti dí púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀nà ọ̀rá ló máa gbà. CPT1 tó ti fẹ́ máa ṣí tún tì padà. Ó lè tó aago mẹ́ta òru kí insulin tó wálẹ̀ dáadáa, tẹ́ni náà bá sì jẹun ní aago méje àárọ̀, wákàtí mẹ́rin péré ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi lo ọ̀rá geere nínú gbogbo òru yẹn. Lójú áàpù, àwẹ̀ wákàtí mẹ́jọ ló gbà.

Ibi tí wọ́n ti yẹ fún ìyìn

Iṣẹ́ kan wà tí áàpù ń ṣe ju bí orí èèyàn ṣe lè rántí lọ: ó máa ń jẹ́ kéèyàn rí bí sáà oúnjẹ rẹ̀ ṣe gùn tó. Sáà oúnjẹ tá à ń sọ ni àkókò tó wà láàárín ohun àkọ́kọ́ tó kan ẹnu lóòjọ́, yàtọ̀ sí omi, àti èyí tó kẹ́yìn. Lọ́dún 2015, Shubhroz Gill àti Satchin Panda ní Salk Institute, Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn 156 máa fi áàpù myCircadianClock ya fọ́tò gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ tàbí mu. Ìdajì wọn ni sáà oúnjẹ wọn tó wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ń jẹun lóòjọ́ kì í ka ohun mímu aládùn tó mu ní aago mẹ́wàá alẹ́ mọ́ ọn, kì í sì í ka èyí tó fi kan ẹnu nígbà tó ń palẹ̀ ilé ìdáná mọ́. Ẹ̀dọ̀ ń kà wọ́n.

Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn mẹ́jọ tí ara wọn sanra, tí sáà oúnjẹ wọn sì ju wákàtí 14 lọ, dín in kù sí 10 tàbí 11 fún ọ̀sẹ̀ 16. Wọ́n fi kìlógíráàmù mẹ́ta àti díẹ̀ fúyẹ́ sí i ní ìpíndọ́gba. Èèyàn mẹ́jọ kéré, kò sì sí àwọn míì tí wọ́n fi wọ́n wé, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí téèyàn lè fi gbogbo ara tì. Àmọ́ a gbà pé rírí i gan-an ti tó láti mú kéèyàn tún un ṣe.

Torí èyí, áàpù tó ń gba fọ́tò la fara mọ́ ju èyí tó ní bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lọ. Fọ́tò máa ń gbé aago tirẹ̀ dání. Bọ́tìnnì ń fẹ́ kéèyàn rántí, ẹni tó bá gbàgbé á wá fọwọ́ kọ wákàtí sí i lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń kọ ọ́ sì sábà máa ń ṣojú àánú sí ara rẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá áàpù náà lè fi ọjọ́ mẹ́rìnlá hàn yín lójú kan, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tẹ́ ẹ jẹ. Nínú gbogbo ohun tí áàpù lè fi hàn, àtẹ yìí ló níye lórí jù. Èyí tí kò bá ní in, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó

Ètò tí wọ́n tò wá ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Wákàtí mẹ́rìndínlógún àwẹ̀, mẹ́jọ oúnjẹ ló gbajúmọ̀ jù, ọ̀sán gangan sí aago mẹ́jọ alẹ́ ló sì rọ àwọn èèyàn lọ́rùn, torí ó rọrùn láti yẹ oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ ju ti alẹ́ lọ. Sáà yìí gan-an ni wọ́n lò nínú ìwádìí TREAT tó jáde lọ́dún 2020, fún ọ̀sẹ̀ 12, láàárín èèyàn 116. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ara wọn àti ti àwọn tí wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò tó nǹkan. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ Courtney Peterson ṣe ti wọn lọ́nà míì: sáà wákàtí mẹ́fà, kí oúnjẹ tó kẹ́yìn ti wọlé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, fún ọkùnrin mẹ́jọ tí ṣúgà wọn ti ń sún mọ́ ti alátọ̀gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ara wọn gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n wọn ò yí padà. Ìwádìí méjèèjì kò dọ́gba, ohun tí wọ́n sì ń wá yàtọ̀ síra, a ò wá lè sọ pé ọ̀kan da èkejì nù. Ohun tó ká wa lára ni pé òrùka máa kún bákan náà fún àwọn èèyàn méjèèjì. Lọ́dún 2022, ilé ìwádìí Frank Scheer ní Boston fún èèyàn 16 ní oúnjẹ kan náà, àmọ́ wọ́n sún un síwájú ní wákàtí mẹ́rin fún ìdajì àkókò ìwádìí náà: ebi pa wọ́n sí i, agbára tí ara wọn ń ná nígbà tí wọ́n wà lójúfò sì dín kù.

Èkejì ni pé wọ́n ń gba fífi sáà ṣí kiri láìsọ nǹkan kan. Ẹ jẹun láti ọ̀sán sí aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kẹ́ ẹ jẹun láti aago mẹ́ta sí mọ́kànlá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bọ́tìnnì á kí yín kú oríire lẹ́ẹ̀mejèèjì. Fún aago ẹ̀dọ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹ wọkọ̀ òfuurufú kọjá ìlú tí aago rẹ̀ fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀, kẹ́ ẹ sì padà dé ní ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Aago méjìlá òru tún máa ń da àkọsílẹ̀ wọn rú. Áàpù tó bá ń gé ọjọ́ síbẹ̀ á ka ohun tẹ́ ẹ jẹ ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú sí oúnjẹ àkọ́kọ́ ọjọ́ tuntun. Sáà ọjọ́ méjèèjì á di ìtàn àròsọ. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ fún un pé aago mẹ́rin òru ni ọjọ́ yín ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ máa kọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ohun tó dùn wá jù ni àwọn orúkọ tí wọ́n ń kọ sára òrùka. Áàpù ò ní ohunkóhun tó fi kan ẹ̀jẹ̀ yín tàbí ẹ̀dọ̀ yín. Aago lásán ló ń wò. Ẹni tó jẹ àjẹyó ní aago mẹ́jọ alẹ́ tó sì sùn lọ, àti ẹni tó jẹ díẹ̀ ní aago mẹ́jọ lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan gbáko, àwọ̀ kan náà ni wọ́n máa bá lórí fóònù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ kó pa mọ́ á ti fà gan-an lára ẹnì kejì. Ti ẹni àkọ́kọ́ ṣì lè ṣẹ́ kù dáadáa. Àti pé tí ara bá tiẹ̀ ń lo ọ̀rá, kò túmọ̀ sí pé èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ló ń dín kù. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2005 tọpa ibi tí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ní ìṣòro yìí ti wá: 59% wá láti ibi tí ara ń kó ọ̀rá pa mọ́ sí, 26% ni ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, 15% ló wá tààrà látinú oúnjẹ. Nígbà tí àwẹ̀ bá ń gùn, ọ̀rá láti ibi ìpamọ́ náà ló túbọ̀ ń ya wọ ẹ̀dọ̀. Torí náà, àmì ẹ̀yẹ tí àwọn áàpù kan ń fún ẹni tó bá gbààwẹ̀ wákàtí 24 tàbí 36 kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti sanra máa lé kiri.

Ká sọ tòótọ́ nípa èrè tó wà níbẹ̀

Nínú eku, ọ̀rọ̀ yìí dán bíi góòlù. Lọ́dún 2012, ilé ìwádìí Panda fún eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ láàárín wákàtí mẹ́jọ péré kò sanra tó àwọn tó ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀dọ̀ wọn sì mọ́ ju tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ dọ́gba. Lọ́dún 2014, ilé ìwádìí Gad Asher ní Weizmann Institute fi oúnjẹ eku sí òru nìkan, tó jẹ́ ìgbà tó tọ́ sí wọn, láìdín in kù. Ní ọjọ́ mẹ́wàá, triglyceride, ìyẹn ọ̀rá tó ń kóra jọ, inú ẹ̀dọ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ tó ìdajì.

Ọ̀rọ̀ èèyàn kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023 gba èèyàn 88 tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn, fún oṣù 12. Gbogbo wọn dín oúnjẹ kù, ìdajì wọn sì tún ń jẹ ẹ́ láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ dín kù nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Ohun tá a rí dì mú ni pé sáà kúkúrú jẹ́ ọ̀nà kan láti jẹun dín kù fún ẹni tí kò fẹ́ máa ka kálórì, ó sì ń jẹ́ kí ṣúgà àti insulin wà létòlétò. Àmọ́ ẹni tó bá fún odindi oúnjẹ ọjọ́ kan pọ̀ sínú wákàtí mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ retí pé òrùka á bá òun ko ọ̀rá jáde. Kí ìwọ̀n ara wálẹ̀ ní 5% ló sábà máa ń mú ọ̀rá ẹ̀dọ̀ dín kù, 7% sí 10% ló sì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tó ti wú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Oṣù la fi ń kà á, torí náà ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó kó tó wúlò

Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, ẹ má yan ètò kankan. Ẹ jẹun bẹ́ ẹ ṣe máa ń jẹ, kẹ́ ẹ sáà ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá ti yàtọ̀ sí omi lásán. Tíì tó ní ṣúgà tàbí mílíìkì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó yá jù àti ohun tó pẹ́ jù nínú àtẹ yẹn, kẹ́ ẹ yọ ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti àjèjì kúrò. Àkókò tó wà láàárín wọn ni sáà oúnjẹ yín gan-an. Ẹ má fi ìpíndọ́gba ṣe é: ìpíndọ́gba máa ń bo alẹ́ tẹ́ ẹ pẹ́ jù mọ́lẹ̀, alẹ́ yẹn lẹ sì ń wá.

Lẹ́yìn èyí, aago oorun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àkókò tẹ́ ẹ máa ń sùn, kẹ́ ẹ yọ wákàtí mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu ń pa dé. Ẹni tó ń sùn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ gbọ́dọ̀ ti parí ní aago méje ààbọ̀. Kí sáà àkọ́kọ́ jẹ́ wákàtí 12. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fa òpin rẹ̀ sẹ́yìn sọ́dọ̀ ọ̀sán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí á fi di 10. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ lẹ máa sún síwájú o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á gé àárọ̀, wọ́n á dá alẹ́ sí, òrùka á sì gbà fún wọn. Kí oúnjẹ tó pọ̀ jù lóòjọ́ ti wọlé kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Nínú áàpù fúnra rẹ̀, ẹ wá ètò tó ń tẹ̀ lé aago ojoojúmọ́ dípò èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ pa àmì ẹ̀yẹ àti kíka ọjọ́ àtẹ̀léra, nítorí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ pa àwọn ìpele òrùka tó bá ṣeé pa. Ìró kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kó máa dún ní ìṣẹ́jú 45 kí sáà tó pa dé, kó má jẹ́ pé ìgbà tó bá ti pa dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìkòkò kaná. Kí ìyàtọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ má ju wákàtí kan lọ. Ẹ sì jáde síta fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, kí aago ọpọlọ náà lè mọ ibi tí ilẹ̀ mọ́ dé.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ni ọ̀pọ̀ áàpù ṣe bíi pé wọn ò sí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 kó èèyàn 19 sí yàrá ìwádìí, wọ́n ní kí wọ́n máa lajú lóru bí ẹni wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹun lóru lọ sókè. Ti àwọn tó jẹ́ ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń jẹun kò yí padà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ yín, ẹ jẹ oúnjẹ gidi kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àkókò láti aago méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀ ṣófo tàbí kó fúyẹ́ bó bá ti lè fúyẹ́ tó. Áàpù tó bá ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi sáà kan náà sí ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà irú ti sulfonylurea, lè dákú lójú oorun tó bá fa oúnjẹ alẹ́ yọ láìtún ìwọ̀n oògùn ṣe. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí jíjẹ àti àìjẹ ti di àìsàn sí lára náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èyí tó lágbára jù ni ẹni tí àpá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó sì ti le gbagidi, èyí tí wọ́n ń pè ní cirrhosis. Òdìkejì gbogbo ohun tá a ti ń sọ ni tiẹ̀. Ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kó ṣúgà pa mọ́ tó, àìjẹun òru kan sì ń ṣe ara rẹ̀ bí àwẹ̀ ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣe ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀ fi ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ ìpápánu kó tó sùn, èyí tó ní nǹkan bí 50 gíráàmù èròjà afúnnilágbára. Áàpù tó bá béèrè gíga àti ìwọ̀n yín nígbà tẹ́ ẹ ń forúkọ sílẹ̀, tí kò sì béèrè bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, kò yẹ kó máa dábàá wákàtí àwẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Kò sí òrùka tó lè sọ èyí fún yín. Àyẹ̀wò FibroScan ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò: ẹ máa fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ máa gbé apá ọ̀tún sẹ́yìn orí, wọ́n á fi ẹnu ẹ̀rọ sí àárín egungun ìhà lọ́tùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ dín ní ìgbà mẹ́wàá tó máa wọn dáadáa. Nọ́ńbà méjì ló ń mú jáde. CAP, tó wà láàárín 100 sí 400 dB/m, ló ń sọ nípa ọ̀rá. Èyí tí wọ́n kọ ní kPa ló ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. Nínú àkójọ ìwádìí kan tó gbajúmọ̀, 248 dB/m ni wọ́n fi ṣe ààlà ibi tí ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ ohunkóhun fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń jẹ́ kí kPa ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ lọ ní wákàtí kan náà nígbà kejì, oṣù mẹ́fà sí i, sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kan náà tó bá ṣeé ṣe. Tí CAP bá fi dB/m mélòó kan péré yàtọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

Tá a bá ní ká fún irú áàpù yìí ní máàkì, a fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fún àtẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, márùn-ún fún ríran èèyàn lọ́wọ́ láti dúró sójú kan, ẹyọ kan fún ohun tó ń sọ pé ó ń lọ nínú ara. Ní ti ẹ̀dà olówó, ìpele àti àmì ẹ̀yẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi kún un, wọn ò sì tó ohun téèyàn ń ná owó lé. Ohun kan ṣoṣo tá a lè ní kẹ́ ẹ sanwó fún ni tó bá ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta jáde sórí ìwé, pẹ̀lú wákàtí gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbé e lé dókítà yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí èsì FibroScan kejì bá jáde.